Bàbá Ládàánì Tí Kò Gbọ́ Ohùn Ara Rẹ̀ Mọ́

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á. Ẹni tí kò bá gbà á, n kò ní bá a jà, nítorí bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló sọ ọ́ fún èmi náà, ẹ̀rín ni mo máa rín. Ṣùgbọ́n ojú mi yìí ló rí i. Kì í ṣe òru, kì í ṣe lójú àlá. Ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn, àwọn èèyàn sì jókòó rẹpẹtẹ níta.

Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà. Ọmọ ìlú Ìrókò ni mí, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, wọn ò sì fi ìtàn iwin tọ́ mi. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, kí ogun tó dé, wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù kékeré kan lápá Lágelú. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì wà láyé.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa dúró ti dókítà nínú yàrá tó ti ń wo aláìsàn. Èmi ni mò ń pe ẹni tó kàn, èmi ni mò ń di ọmọ mú bó bá ń jà. Yàrá kejì ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́, àwọn mìíràn ló sì ń gún un.

Dókítà tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ ni. Dókítà Ọláníyan ni wọ́n ń pè é, ọmọ tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Lójúkojú, "ẹ" ni mò ń bá a sọ nítorí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" níbí, nítorí bí àbúrò ló rí lọ́kàn mi. Ọmọ dáadáa ni. Bí ó bá fẹ́ gbé irin tútù tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé aláìsàn lára, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa á kó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Àgbà, máa ń ti Ìbàdàn wá wò wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkìlọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń ṣe fún un: "Ọláníyan, rọra pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Kì í ṣe omi òjò."

Ó máa ń dáhùn pé òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Bí dókítà bá fún wọn ní oògùn oníhóró nìkan, wọ́n á délé sọ pé wọn ò tọ́jú àwọn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á sunkún, Ọláníyan ò sì lè wo omijé. Tí wọ́n bá ti sunkún, ó ti mú gègé ìkọ̀wé nìyẹn.

Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, ládàánì ni wọ́n, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Lálúpọn, létí ojú irin reluwé. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn, ṣùgbọ́n ohùn wọn ni gbogbo agbègbè fi mọ̀ wọ́n. Kò tíì sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní mọ́ṣáláṣí abúlé nígbà náà. Wọ́n á dúró níta, wọ́n á fi ọwọ́ kan etí, wọ́n á gbé ohùn sókè, àwọn tó wà lóko lódìkejì odò á gbé ọkọ́ sílẹ̀. Èmi onígbàgbọ́ tí mò ń ti ọjà bọ̀ lọ́jọ́ kan, mo dúró gbọ́ ọ títí wọ́n fi parí. Ohùn náà dùn, mo fi Ọlọ́run búra.

Ikọ́ ló gbé wọn wá. Wọ́n ti rù. Ìyàwó wọn, Ìyá Ràbí, ló mú wọn lọ́wọ́ wọlé, ó sì kúnlẹ̀ kí Bàbá tó jókòó.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́. Ikọ́ yìí ti ń gba ohùn lẹ́nu wọn. Bí wọn ò bá lè pe ìrun, àwa ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe."

Ọláníyan gbọ́ àyà wọn, ó gbọ́ ẹ̀yìn wọn. Ó ní kí wọ́n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Èsì kì í tètè dé. Òfin Dókítà Àgbà ni pé kí a dúró dè é.

Ìyá Ràbí ò dìde nílẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Sísítà," ni Ọláníyan sọ fún mi lọ́rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "tí a bá ń dúró de Ìbàdàn, bàbá yìí á ti kú."

Ó mú gègé, ó kọ abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ fún wọn. Abẹ́rẹ́ náà lágbára. Àwa nọ́ọ̀sì ń pè é ní sitirẹ́pù.

Ẹ má rò pé ó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un o. Nígbà tí wọ́n jáde, ó gbé orí lé tábìlì fún ìgbà díẹ̀.

Ara Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ikọ́ rọlẹ̀. Ẹran padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ìyá Ràbí gbé àgbébọ̀ wá fún dókítà, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, adìyẹ náà sì já lọ́wọ́ mi, ó sá wọ wọ́ọ̀dù ọkùnrin.

Àfìgbà tí Bàbá wá sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Dókítà, nǹkan ń hó nínú etí mi. Ó dà bí ìgbà tí àwọn kòkòrò inú igbó bá ń ké ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá sì dìde, ilẹ̀ ń yí mi."

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni Ọláníyan wí. "Bí kuníìnì náà ṣe ń ṣe ni. Ẹ jẹ́ ká parí abẹ́rẹ́ yìí, á lọ."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ni Bàbá wí. Wọ́n lọ sí yàrá kejì, wọ́n gba abẹ́rẹ́ wọn.

Nígbà tó yá, mo pe orúkọ wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò dìde. Mo tún pè é, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán. Ìyá Ràbí ló fọwọ́ tọ́ wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu dókítà, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn etí.

"Kí lẹ wí?"

Dókítà ò tíì sọ nǹkan kan.

Ó dìde, ó gbé àwo irin kan, ó lọ sẹ́yìn Bàbá, ó sì gbá a mọ́ ògiri. Ọmọ kan bú sẹ́kún níta. Bàbá ò mira. Wọ́n ṣì ń wo àga tí dókítà ti dìde, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Dókítà Àgbà dé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀. Wọ́n ní ní Ìbàdàn, wọn ò rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kankan nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Bàbá.

"Ṣé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, sà?"

"Ó lè jẹ́ òun, kí wọ́n má rí i. Ó sì lè máà jẹ́ òun. N kò mọ̀."

"Etí náà ńkọ́?"

Ì bá dára kí Dókítà Àgbà bú u. Wọn ò bú u. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n sì jáde.

Bàbá ò fi ìpè ìrun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe tọ́ ọ? Ohùn a ròkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, á já níbi tó yẹ kó fà. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù bá wọn sọ ọ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ìyá Ràbí sọ fún mi pé láti ìgbà náà, bí àkókò ìrun bá tó, Bàbá a lọ dúró lẹ́yìn ilé níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí, wọ́n á fi ọwọ́ kan etí tí kò wúlò mọ́, wọ́n á máa pe ìrun wúyẹ́wúyẹ́ sí ara wọn.

Ojú irin ni wọ́n máa ń gbà lọ sóko. Gbogbo ará abúlé ló ń gbà á, nítorí ó yá ju ọ̀nà igbó lọ, a sì máa ń gbọ́ ọkọ̀ náà láti òkèèrè. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, reluwé ń ti apá Ìwó bọ̀. Wọ́n ní awakọ̀ rẹ̀ fun fèrè. Ó fun ún, ó fun ún, àwọn tó wà lóko ń pariwo, wọ́n ń ju ọwọ́. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà, wọn ò gbọ́. Igi ìdáná wà lórí wọn.

Wọ́n sin Bàbá lọ́jọ́ náà, bí ìṣe Mùsùlùmí. Ọláníyan lọ kí àwọn èèyàn wọn. Ó sọ fún mi pé Ìyá Ràbí bu omi tútù fún òun, ó ní kí òun mu ún, oòrùn mú jù lọ́nà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e.

Ọ̀sán ni. Ọkùnrin kan tó ń la pákó jókòó níwájú dókítà, àyà ń dùn ún, ara rẹ̀ gbóná. Ọláníyan mú gègé láti kọ pẹnisilíìnì fún un. Bí ó ṣe gbé gègé lé ìwé, a gbọ́ ìpè ìrun.

Kò sí mọ́ṣáláṣí kankan nítòsí wa. Ìrun ọ̀sán ti kọjá, àsàrì ò tíì tó. Ohùn náà sì ń ròkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ó ń já níbi tó yẹ kó fà.

Irun ara mi dìde. Mo wo Ọláníyan. Ó ti fi gègé sílẹ̀, ohùn náà sì ti dákẹ́.

"Sísítà, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ gbọ́?" ni ọkùnrin tó ń la pákó bi wá.

Mo lọ wo ojú fèrèsé. Ewúrẹ́ méjì ni mo rí, àti aṣọ wọ́ọ̀dù tí wọ́n sá.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn yìí kò ti fi wá sílẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ oògùn ibà tàbí ti inú rírun ni Ọláníyan fẹ́ kọ, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti jẹ́ abẹ́rẹ́ tí ń pa kòkòrò, ó ti dé nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, ohùn náà ń sún mọ́ wa. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bíi pé ẹ̀yìn ọgbà ló ti ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀bá kànga. Nígbà tó yá, abẹ́ fèrèsé gan-an, bíi pé ẹnì kan lóṣòó síbẹ̀.

A ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta la fẹ́ sọ fún?

Ọjọ́ wá dé tí mo ṣílẹ̀kùn láti pe ẹni tó kàn. Bẹ́ǹṣì kún. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń fún ọmọ lọ́mú, Bàbá Ládàánì jókòó.

Dàńṣíkí aláró wọn ló wà lọ́rùn wọn, tòun ti fìlà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára wọn, kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Obìnrin náà ò rí wọn, ṣùgbọ́n bí Bàbá ṣe fẹ́ dìde, mo rí i tí ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń fún àgbàlagbà lọ́nà.

Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Atẹ́gùn tó tẹ̀lé wọn ń rùn bí irin tí oòrùn ti pa.

Wọ́n jókòó sórí àga aláìsàn. Wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu dókítà, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn etí.

Ọláníyan rí wọn.

"Bàbá," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ dárí jì mí."

"Kí lẹ wí?"

Ohùn náà rọ, ó gbẹ, bí ewé àgbàdo nínú ọyẹ́.

"Ẹ dárí jì mí."

"Mo rí ẹnu yín tó ń mì. N kò gbọ́."

Ọláníyan gbé ohùn sókè. Bàbá mirí, wọ́n sì sún mọ́ ọn. Ó tún gbé e sókè sí i. Ó ti wá dìde, ó ń pariwo, ó ń ké e bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí: "Ẹ dárí jì mí! Bàbá, ẹ dárí jì mí!" Gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta.

Bàbá ń wò ó pẹ̀lú sùúrù. Wọn ò bínú. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní, pé wọn ò bínú.

Wọ́n wá yíjú sí mi. Ìyá Ràbí ló máa ń fi ọwọ́ júwe ohun tí a bá sọ fún wọn nígbà ayé wọn. Ó dà bíi pé wọ́n ń retí kí èmi ṣe é. Mo fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ wo ni èèyàn ń jù fún "ẹ dárí jì mí"? N kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ò tilẹ̀ gbéra.

Àwọn èèyàn já wọlé. Wọ́n bá dókítà lórí eékún níwájú àga òfìfo.

Wọ́n ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Wọ́n fún un ní ìsinmi díẹ̀, ó sì padà wá. Ṣùgbọ́n kò lè kọ abẹ́rẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Oògùn ikọ́ olómi ló ń fún gbogbo ènìyàn, àti oògùn ibà.

Àsìkò yẹn ni wọ́n gbé Àbẹ̀kẹ́ wá, ìyàwó tuntun kan tó ń yan gàrí. Ikọ́ ló ń hú, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń tu. Èsì tirẹ̀ ti Ìbàdàn dé, kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀: ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ọláníyan mú gègé. Ìpè náà bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá gan-an, lẹ́yìn wa, ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí gíláàsì ojú fèrèsé ń gbọ̀n. Ó fi gègé sílẹ̀. Ó ní kí Àbẹ̀kẹ́ padà wá nígbà tí Dókítà Àgbà bá dé.

Mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹ kọ ọ́, Dókítà. Ẹ dijú kọ ọ́."

"Bí mo bá tún ba tirẹ̀ jẹ́ ńkọ́, Sísítà?"

"Ẹ̀jẹ̀ ló ń tu!"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Òjò ọdún náà wó afárá ọ̀nà Ìbàdàn, ọkọ̀ Dókítà Àgbà ò lè kọjá. Nígbà tí wọ́n fi dé, tí wọ́n sì fúnra wọn kọ abẹ́rẹ́ náà, Àbẹ̀kẹ́ ò lè jókòó fúnra rẹ̀ mọ́. Wọ́n gún un. Ó kú. Ọkọ rẹ̀ ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá pé kí ló dé tí wọn ò gún un nígbà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Ọláníyan fi ọsibítù sílẹ̀ láìdágbére. Àwọn kan ní ó ti di tíṣà bíi bàbá rẹ̀. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú, pé wọ́n dè é mọ́lẹ̀ nílé wọn. N kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. N kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo rò pé Àbẹ̀kẹ́ náà máa wá. Kò wá rí.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo lọ sọ ohun tí mo rí fún Ìyá Ràbí. Mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo rò pé ẹ̀rù máa bà á, tàbí kó lé mi jáde. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ ni.

"Ẹ rí wọn? Ẹ̀yin, ẹ rí wọn?"

"Mo rí wọn, mà."

"Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀?"

"Dàńṣíkí aláró."

Ó mi orí. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi.

"Ara wọn dá? Wọ́n ń rìn dáadáa?"

"Wọ́n ń rìn dáadáa."

"Wọn ò yà sọ́dọ̀ mi rí," ni ó wí. "Ẹnu ọ̀nà kì í tì mọ́ wọn. N kò mọ ohun tí mo ṣe wọ́n. Nọ́ọ̀sì, bí wọ́n bá tún wá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé..."

Ó dánu dúró. Èmi náà ti rántí ohun tí ó rántí.

Ó mú ọ̀bẹ, ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

N kò mọ ohun tí Bàbá ń fẹ́. N kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni wọ́n fẹ́ fún wa tàbí wọ́n kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn fún wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni èyí, mo sì ń fi ẹ̀bẹ̀ sọ ọ́ fún yín: bí wọ́n bá ń gún yín ní abẹ́rẹ́, tí etí yín bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kò ṣe nǹkan kan, ẹ tún un sọ. Ẹ pariwo rẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ ṣì lè gbọ́ ohun tí wọ́n máa fi dá yín lóhùn.